TA NI Ó RU ẸRÙ ÌFẸ́? ÈRÒ ÀTỌKÀNWÁ ÀWỌN ÒǸKÀWÉ LÓRÍ Ẹ̀YÀ ÌTÀN ÀRÒSỌ ÌFẸ́ NÍ ÈKÓ, ÌKÒRÒDÚ ÀTI Ẹ̀PẸ́

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ìtàn àròsọ Yorùbá kò kéré. Wọ́n ti yẹ àhunpọ̀ ìtàn wò, wọ́n ti tú ìfìwàwẹ̀dá palẹ̀, wọ́n sì ti gbé ìlò èdè òǹkọ̀wé kan lé ìwọ̀n pẹ̀lú ti èkejì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹni náà ni òǹkàwé tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ìwé, tàbí tí ó yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tí ó kà á tán, tí ó sì ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Lẹ́nu ẹni tí ó ka ìwé ni ó sì yẹ kí a ti gbọ́ bí ìwé ti rí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni èrò àtọkànwá tí àwọn òǹkàwé ní nípa ìtàn àròsọ ìfẹ́, pàápàá jù lọ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìlú méjì tí ó wà létí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òǹkàwé tí ó bá ń sọ òtítọ́ kì í fi adùn nìkan wọn ìtàn ìfẹ́. Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń bi ìwé, yálà ó mọ̀ pé òun ń béèrè tàbí kò mọ̀: nígbà tí ìfẹ́ bá di ẹrù, ta ni ó rù ú? Bí ẹ̀yà ìtàn kọ̀ọ̀kan bá ti dáhùn ìbéèrè yìí sí ni òǹkàwé yóò ti gbà á sí.

Nínú iṣẹ́ yìí, ìtàn àròsọ ìfẹ́ ni ìtàn tí ìfẹ́ láàrin ọkùnrin àti obìnrin jẹ́ òpó tí ó gbé e ró, tàbí tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn òpó rẹ̀. Ẹ̀yà márùn-ún ni a óò yẹ̀ wò: ìtàn ìjẹ́wọ́, ìtàn ìfẹ́ tí ó jẹ́ èrè ìpọ́njú, ìtàn ìfẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìtàn ìfẹ́ aláwòrán, àti ìtàn ìfẹ́ tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Kí a tó dé orí wọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí òǹkàwé wà, kí a sì mọ irú ẹnu tí ó fi ń sọ̀rọ̀.

2. Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti òǹkàwé ibẹ̀

Kí títì ọkọ̀ tó di ọ̀nà pàtàkì, omi ni ó so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀ mọ́ Èkó. Ọkọ̀ ojú omi a máa kó èrò àti ẹrù láti Èkó lọ sí Ìkòròdú, sí Ẹjìnrìn tí ọjà rẹ̀ lókìkí nígbà náà, àti sí Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó ní ọdún 1894. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní ìparí ọdún 1851. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1862. Ìdí nìyí tí Ẹ̀pẹ́ fi ní apá méjì títí di òní, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, ìlú méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Ìtàn yìí kan ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni pé ará Ìkòròdú àti ará Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí ibi tí a ti ń tẹ ìwé. Èkó ni ibùdó àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́, ohun tí Èkó bá sì ń kà, etí ọ̀sà kì í pẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀nà kejì ni ti èdè. Ìjẹ̀bú ni èdè àdúgbò tí ó gbilẹ̀ jù ní àwọn ìlú wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn ìfẹ́ fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìkòròdú tí ó ń ka bí ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìwé ṣe ń dẹnu kọ ọmọge mọ̀ dájú pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní àdúgbò òun kọ́ nìyẹn. Nígbà mìíràn, èyí a máa fi iyì kún ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a kì í wọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa mú kí ó rò pé àwọn ẹlòmíràn ni ìwé ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, kì í ṣe òun.

Ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí lámèyítọ́ mọ̀. Òǹkàwé ìtàn ìfẹ́ ní ẹnu méjì. Ẹnu kìíní ni ẹnu ìdánwò. Ẹnu yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìtàn náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, pé ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n má ṣe ojúkòkòrò. Ẹnu kejì ni ẹnu òtítọ́. Abẹ́ igi ní àkókò ìsinmi ni ó ti máa ń là, tàbí ní ìsọ̀ aránṣọ nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́, tàbí nínú ọkọ̀ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá èrò dúró lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti ń sọ pé ọkùnrin inú ìwé náà kò dára rárá, pé òun ìbá ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Tí ẹlòmíràn sì ń dá a lóhùn pé bí ọkùnrin ti rí náà nìyẹn, kí ó má tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan náà tí ó kọ ìdáhùn dáadáa nínú ìdánwò. Irọ́ kọ́ ni ó pa nínú ìdánwò. Ohun tí ó mọ̀ pé olùkọ́ fẹ́ gbọ́ ni ó sọ. Ẹnu kejì ni iṣẹ́ yìí ń tẹ́tí sí.

3. Ìtàn ìjẹ́wọ́: ẹjọ́ Ṣẹ̀gilọlá

Nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, ibi tí ohùn òǹkàwé ti kọ́kọ́ hàn gbangba ni inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. I. B. Thomas, tí ó dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ ní ọdún 1928, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde láti oṣù keje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ó ní òun ti fi ẹwà òun jayé ní Èkó, òun ti tan ọkùnrin jẹ, òun ti da ọkọ òun, àti pé ní báyìí àìsàn àti òṣì ti dé òun mọ́lẹ̀. Ó ń sọ ìtàn náà kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 1930 kan náà ni a kó àwọn lẹ́tà yìí jọ di ìwé. Àwọn onímọ̀ kan kà á sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, nítorí pé ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà tó jáde.

Ọgbọ́n ojúmitó tí Thomas lò lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹkàwé fi gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Wọ́n kọ lẹ́tà sí olóòtú. Àwọn kan dúpẹ́ fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe àwọn mìíràn débi pé wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí i fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí olóòtú fúnra rẹ̀ ti kọ díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀. Síbẹ̀, owó tí ènìyàn bá yọ nínú àpò rẹ̀ fún ẹni tí kò rí rí jẹ́ èrò tí kò ní àbòsí nínú. Bákan náà ni orin ìgbà àtijọ́ tí Ṣẹ̀gilọlá ń mẹ́nu bà. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà ní Èkó mọ àwọn orin náà, nípa bẹ́ẹ̀ ìtàn obìnrin kan di ìrántí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Báwo ni òǹkàwé òde òní yóò ṣe ṣe ìdájọ́ ìtàn yìí? Ẹnu ìdánwò mọ ohun tí yóò sọ: ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹnu òtítọ́ kò dúró níbẹ̀. Ó béèrè pé níbo ni ẹgbẹ̀rún ọkọ náà wà? Bí obìnrin kan bá jẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ, ẹgbẹ̀rún ọkùnrin ni ó mọ ilé rẹ̀. Ara wọn le, iṣẹ́ wọn ń lọ, àwọn kan nínú wọn sì lè máa ra Akéde Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ka bí obìnrin náà ṣe ń jìyà. Òwe Yorùbá ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ìjẹ́wọ́, orí kan ṣoṣo ni a gbé gbogbo ẹrù lé.

Èyí kò sọ pé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá kò dára. Ohun tí ó mú kí ó wà títí di òní ni pé obìnrin náà kò fi gbogbo ẹnu kábàámọ̀. Bí ó ti ń sunkún ni ó ń rántí bí ayé ti dùn tó. Òǹkàwé gbọ́ ohùn méjèèjì, ó sì mọ èyí tí ó jinlẹ̀ jù. Àwọn tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ kò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀kọ́ ìwà. Ènìyàn ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí.

4. Ìfẹ́ gẹ́gẹ́ bí èrè ìpọ́njú: Àdììtú Olódùmarè

D. O. Fágúnwà kì í ṣe òǹkọ̀wé tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtàn ìfẹ́, nítorí pé ọdẹ, iwin àti igbó kìjikìji ni orúkọ rẹ̀ ń mú wá sọ́kàn. Ṣùgbọ́n nínú Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní ọdún 1961, ìfẹ́ gba àyè ńlá. Àdììtú, ọmọ Obìrí-Ayé àti Ìpọ́njúdìran, jẹ ìyà tí orúkọ ìyá rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ènìyàn láwùjọ. Lẹ́yìn èyí ni ìfẹ́ òun àti Ìyùnadé wọlé, lẹ́tà sì ni ọ̀nà pàtàkì tí Fágúnwà gbà fi ìfẹ́ náà hàn.

Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni òǹkàwé sábà máa ń rántí jù nínú apá ìtàn náà. Wọ́n fi hàn pé Yorùbá tí a ń kọ sílẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní gbangba, kí ó dùn, kí ó má sì di ìranù. Fún ọ̀dọ́ tí ó ti gbà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ńlá ni èyí. Ní ti ìbéèrè ẹrù, ọkùnrin ni ó rù ú nínú ẹ̀yà yìí. Ó ti jìyà kí ìfẹ́ tó dé, ìfẹ́ sì wá di èrè rẹ̀. Bí òǹkàwé bá wá ní àríwísí, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó dára kí a fi aya rere san ẹ̀san fún ẹni tí ó fara da ìyà, ṣùgbọ́n ẹ̀san kì í béèrè pé ta ni òun yóò jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó gba Ìyùnadé sílẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ yìí ni pé lẹ́tà fún un ní ohùn. Obìnrin tí ó ń fèsì kì í ṣe ẹ̀bùn lásán.

5. Ìfẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga: Ó Le Kú

Ní ọdún 1974 ni Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kí ó tètè mú ìyàwó wálé, obìnrin mẹ́ta sì wà lọ́kàn rẹ̀: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Kò sí iwin nínú ìwé yìí, kò sí ọba, kò sí àlá. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà, ọkọ̀ èrò, òde àríyá àti ilé òbí ni ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀. Èdè rẹ̀ yá, ó sún mọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Láti ìgbà náà ni ìwé yìí ti wà lára àwọn ìtàn Yorùbá tí a mọ̀ jù lọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn òde ilé-ẹ̀kọ́.

Níhìn-ín ni ẹnu méjì òǹkàwé ti yàtọ̀ síra jù lọ. Ẹnu ìdánwò a máa wí pé ìwé náà kọ́ wa pé kí ọkùnrin má ṣe kó obìnrin jọ. Ẹnu òtítọ́ a máa jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí Àjàní fẹ́. Ìjiyàn yìí lè dà bí eré ọmọdé lójú lámèyítọ́, ṣùgbọ́n ìfìwàwẹ̀dá gan-an ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó gbè sẹ́yìn Àṣàkẹ́ ń sọ irú ìwà tí òun gbà pé ó yẹ aya. Ẹni tí ó gbè sẹ́yìn Lọlá ń sọ ohun mìíràn nípa ẹwà àti ìgboyà. Ẹni tí ó sì ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi Àjàní sílẹ̀ kí wọ́n máa bá tiwọn lọ ti ka ìwé náà ní ọ̀nà tí kò sí nínú ìwé atọ́nà ìdánwò kankan.

Ìṣọ̀lá kò fi obìnrin búburú sínú ìtàn náà kí ó lè rọrùn láti dá ẹjọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni ó ní ìdí tí ó fi ń retí. Ibẹ̀ ni ìrora ìwé náà wà. Bí ọkùnrin bá ń yàn, ọjọ́ orí obìnrin ń lọ, ojú sì ń tì í lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Àjàní kì í ṣe ìkà. Àìlèpinnu rẹ̀ ni ó di ẹrù, àwọn ẹlòmíràn ni ó sì ń bá a gbé e. Òǹkàwé tí ó bá ti rí irú rẹ̀ nítòsí mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó sì gbà pé ìwé yìí kò purọ́.

Túndé Kèlání sọ ìtàn náà di fíìmù ní ọdún 1997. Lẹ́yìn fíìmù yìí ni àṣà aṣọ kan tàn káàkiri, ìró tí kò ju orúnkún lọ àti bùbá tí apá rẹ̀ kúrú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọge ṣe ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n pe aṣọ náà ní olékú, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn aránṣọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Èyí náà jẹ́ èrò òǹkàwé àti òǹwòran. Obìnrin tí ó wọ ọjà Ẹ̀pẹ́, tí ó ra ánkárá, tí ó ní kí a fi rán olékú fún òun, ti sọ ohun kan nípa ìtàn náà láìkọ àròkọ. Ó yan ẹwà àwọn obìnrin inú rẹ̀, ó sì fi ìbànújẹ́ Àjàní sílẹ̀ fún Àjàní.

6. Ìtàn aláwòrán àti ìtàn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ

Láàrin ìwé àti fíìmù ni Atọ́ka ti wà. Ìwé ìròyìn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1967. Ó máa ń ya fọ́tò àwọn òṣèré tíátà Yorùbá bí wọ́n ti ń ṣe eré, a ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sára àwòrán. Ẹni tí kò lè ka ìwé gígùn lè ka Atọ́ka, ẹni tí kò mọ̀wé rárá sì lè jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí wọ́n jọ máa wo àwòrán. Ìdí nìyí tí èrò òǹkàwé Atọ́ka fi jẹ́ èrò àjọsọ. Ìfẹ́, orogún, owó àti ẹ̀san ni ó sábà máa ń wà nínú àwọn ìtàn náà, ìdájọ́ sì máa ń yára. Ojú ẹni burúkú hàn nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀. Adùn ibẹ̀ ni pé òǹkàwé mọ ẹni tí yóò jìyà kí ẹni náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Àbùkù ibẹ̀ sì ni pé ẹrù kì í pẹ́ lórí ẹnikẹ́ni débi tí òǹkàwé yóò fi mọ bí ó ti wúwo tó.

Ẹ̀yà karùn-ún ni àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Mills and Boon, ilé ìtẹ̀wé tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908, ni orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà mọ̀ jù. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti ń kà á, ọwọ́ sí ọwọ́ ni ó ń lọ títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi já. Láti ọdún 1977 ni Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé Pacesetters, tí àwọn ọmọ Áfíríkà kọ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni Evbu My Love ti Helen Ovbiagele, tí ó jáde ní ọdún 1980. Ní ọdún 2014, ilé ìtẹ̀wé Cassava Republic dá Ankara Press sílẹ̀ fún ìtàn ìfẹ́ tí obìnrin inú rẹ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí ó sì ní èrò ti ara rẹ̀. Ní ọdún 2015, wọ́n gbé àkójọ ìtàn kan jáde fún ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, wọ́n sì túmọ̀ àwọn ìtàn náà sí èdè mìíràn, Yorùbá wà lára wọn.

Èrò àtọkànwá nípa Mills and Boon kò ṣòro láti mọ̀. Òǹkàwé rẹ̀ mọ̀ pé òjò dídì inú rẹ̀ kò rọ̀ ní Ìkòròdú rí, àti pé ọlọ́rọ̀ aláìrẹ́rìn-ín tí ó ni erékùṣù kò sí ní Ẹ̀pẹ́. Ó mọ̀ bí yóò ṣe parí kí ó tó ṣí i. Síbẹ̀ ó kà á. Ìdí kan pàtàkì ni pé nínú ìwé wọ̀nyí, ọmọbìnrin lè fẹ́ràn ọkùnrin kí ó má sì kú, kí ó má ya wèrè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má jẹrà. Ìfẹ́ kò di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìtàn ìkìlọ̀ ní èdè abínibí rẹ̀ kò fún un ni ó lọ gbà lọ́wọ́ àjèjì.

7. Ohun tí àwọn òǹkàwé níbòmíràn sọ

Kì í ṣe etí ọ̀sà nìkan ni òǹkàwé ti ń bi ìtàn ìfẹ́ ní irú ìbéèrè yìí. Ní Amẹ́ríkà, Janice Radway tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1984 lórí àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń ka ìtàn ìfẹ́ ní ìlú kan tí ó fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́. Nǹkan bí obìnrin 42 ni ó fún un ní èsì ní kíkọ. Ó rí i pé àwọn obìnrin náà kì í gba ìwé gbọ̀ọ́rọ̀-gbọọrọ. Wọ́n kórìíra ìtàn tí ọkùnrin ti ń fi ìyà jẹ obìnrin, wọ́n sì fẹ́ kí ìparí rẹ̀ dùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwé kíkà jẹ́ àkókò kan ṣoṣo lóòjọ́ tí wọn kò fi tọ́jú ẹlòmíràn. Ìyàwó ilé tí ó gbé ìwé dání ti gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní Kánò, àwọn ìwé ìfẹ́ ní èdè Haúsá gbilẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn obìnrin bíi Balaraba Ramat Yakubu sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ wọ́n. Wọ́n kọ nípa orogún, nípa ọmọbìnrin tí a fi fún ọkọ tí kò fẹ́, nípa aya tí ọkọ lé jáde. Ní ọdún 2007, ní àkókò Gómìnà Ibrahim Shekarau, a dáná sun àwọn ìwé kan níta gbangba níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní ìwé náà ń ba ìwà ọmọ jẹ́. Àwọn òǹkàwé kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣíwọ́ kíkà. Ohun tí aláṣẹ kà sí ìwà ìbàjẹ́, òǹkàwé kà á sí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀.

Bí a bá fi àwọn ìlú wọ̀nyí wé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, a ó rí i pé ìyàtọ̀ èdè àti ẹ̀sìn kò pa ìbéèrè náà run. Òǹkàwé ní Amẹ́ríkà ń wá ibi tí yóò ti sọ ẹrù kalẹ̀. Òǹkàwé ní Kánò ń fẹ́ kí a sọ ọ́ síta pé ẹrù ń bẹ. Òǹkàwé Yorùbá, láti ìgbà Ṣẹ̀gilọlá, ń wò ó bóyá ẹni tí ó jẹ ni a ó ní kí ó san.

8. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé èrò àtọkànwá àwọn òǹkàwé jẹ́ lámèyítọ́ kan tí ó ní ìlànà tirẹ̀. Wọ́n gba ìtàn ìjẹ́wọ́ nítorí pé ènìyàn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè àwọn ọkùnrin tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n gba Àdììtú nítorí lẹ́tà rẹ̀. Wọ́n gba Ó Le Kú nítorí pé kò dá ẹjọ́ rọrùn. Wọ́n gba Atọ́ka nítorí pé àjọkà ni, wọ́n sì ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ó jẹ́ kí ọmọbìnrin fẹ́ràn kí ó sì yè.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé, tí ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n òfin lè fi ìwé sí ọwọ́ ọmọ, kò lè mú kí ó fi ìwé náà pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwé tí ọmọ ń jí kà ni ó ń kọ́ ọ ní bí yóò ṣe ronú nípa ìfẹ́, èdè tí ìwé náà bá sì sọ ni yóò fi ronú. Bí gbogbo ìtàn ìfẹ́ tí a bá fún un ní Yorùbá bá jẹ́ ìkìlọ̀, yóò fi Yorùbá kọ ìdánwò, yóò sì fi èdè mìíràn fẹ́ràn.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tí wọ́n ń yan ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́, àti àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti gbogbo ìpínlẹ̀ náà, fi àyè sílẹ̀ fún ẹnu kejì òǹkàwé. Kí olùkọ́ béèrè ohun tí ìwé kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì tún béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà nínú rẹ̀. Kí àwọn òǹkọ̀wé náà gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Yorùbá máa ń sọ pé obìnrin sọ ìwà nù, ó ní òun kò lórí ọkọ. Àwọn òǹkàwé kò kọ òwe yìí. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ìtàn tí yóò béèrè lọ́wọ́ ọkọ náà bí ìwà tirẹ̀ ti rí.